Orúkọ Kẹwàá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, tó ṣiṣẹ́ ológun fún ọdún mẹ́tàlélógún. Nígbà tó padà wálé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ká mọ́, etí rẹ̀ kan sì ti di. Bàbá Sójà ni àwọn ará ìlú ń pè é. Wọ́n rò pé yóò jókòó síwájú ilé, kó máa gba atẹ́gùn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò jókòó. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn ọ̀dọ́ wọn fún òun ní àárọ̀ Sátidé, kí òun lè kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú.

Pápá káńsù ló ń lò, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró ṣinṣin àti bí a ṣe ń yan. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fa àsíá sókè tí kò fi ní kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyan kọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ló ń kó gọ́tà ọjà kí òjò tó dé. Àwọn ló ń lọ bá àwọn arúgbó tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Bí ìbò bá ń bọ̀, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa ṣàlàyé pé ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá bi èèyàn pé ta ló dìbò fún. Bàbá Sójà a máa sọ fún wọn pé, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ inú ẹrẹ̀ ni aṣáájú."

Òkúta kan wà ní oríta ìlú náà. Orúkọ àwọn ọmọ ìlú mẹ́sàn-án tó lọ sójú ogun tí wọn kò padà ló wà lára rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà yóò dúró níwájú òkúta yìí, yóò máa pe orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ agbo ilé tí olúkúlùkù ti wá. Bó bá ti pe ọ̀kan, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò dìde láàárín èrò, wọ́n á dáhùn pé, "Ọmọ wa ni." Wọn kì í sunkún níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà tí kò lè dá dìde mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì ló máa ń gbé e nílẹ̀ kó tó dáhùn, nítorí ó ní òun kò ní jókòó dáhùn orúkọ ọmọ òun.

Ọdún kọkànlá tí Bàbá Sójà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni alága káńsù ránṣẹ́ pè é. Ó fi í jókòó sórí àga tó dára. Ó ní òun ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wú òun lórí. Ó ní òun yóò kọ́ gbọ̀ngán kan fún àwọn ọ̀dọ́ náà sórí pápá, kí òjò àti oòrùn yé pa wọ́n. Inú Bàbá Sójà dùn. Láti ọdún kìíní wá, òrùlé lásán ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó fẹ́ dìde láti dúpẹ́, alága ní kó jókòó.

"Nǹkan kékeré kan ló kù, Bàbá," ni alága wí. "Lọ́jọ́ ìrántí, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ bàbá mi mọ́ ti àwọn yẹn. Bó bá yá, a ó gbẹ́ ẹ sára òkúta."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn bàbá alága. Ó wọṣẹ́ ológun lóòótọ́ lásìkò ogun, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó fi gba inú igbó sá wálé. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó dáko kòkó. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni nígbà tó kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

"Ta ni yóò pa lára?" ni alága béèrè. "Ṣé orúkọ kan á há ààyè mọ́ òmíràn ni?"

Bàbá Sójà ro ti òjò tó máa ń tú àwọn ọ̀dọ́ náà ká. Ó ro ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń le sí i lójoojúmọ́. Ó rò ó pé òun lè kú lọ́la, kò sì ní sí ohun kan lórí ilẹ̀ tí èèyàn lè nawọ́ sí pé èyí ni òun fi sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Alága." Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ọkọ̀ ti ń já búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò.

Ẹni tí yóò pe orúkọ lọ́dún náà ni Ìyùnadé, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá posọ́fíìsì. Kò wá láti ọ̀kankan nínú agbo ilé mẹ́sàn-án náà. Ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ni, òun náà sì fẹ́ wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí ku ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Sójà gbé ìwé orúkọ lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà.

"Bàbá, mẹ́wàá ló wà níbí."

"Mo mọ̀."

"Ọkùnrin yìí kò kú sójú ogun."

"Ìwọ ṣáà kà á."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá dúró níwájú òkúta yẹn, ẹlẹ́rìí ni."

Ojú ti Bàbá Sójà, ìtìjú náà sì di ìbínú. Ó ní, "Àṣẹ ni mo pa, n kò bá ọ jíròrò. Ẹni tí kò lè gba àṣẹ kò lè ṣe ológun."

Ìyùnadé ká ìwé náà, ó fi í sápò. Kò ní òun á kà á, kò sì ní òun kò ní kà á. Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìrántí, èrò kún oríta. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, lábẹ́ kánópì àwọn àgbààgbà. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé orúkọ yóò di mẹ́wàá. A ti bá ara wa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kò dáa, a sì ti bá ara wa sọ ọ́ pé gbọ̀ngán yóò wúlò.

Ìyùnadé bọ́ síwájú. Ó pe ẹni kìíní, ilé rẹ̀ dìde, wọ́n dáhùn. Ó pe ẹni kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè wọ́n lọ, títí tí wọ́n fi gbé ìyá arúgbó náà dìde, tí òun náà fi dáhùn. Nígbà tó pe ẹni kẹsàn-án tán, ó pa ìwé dé, ó gbé ọwọ́ síwájú orí bí ológun, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn alága sáré lọ bá a, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ìyùnadé mi orí pé rárá. Alága fúnra rẹ̀ wá gba máìkì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, o ti gbàgbé ẹnì kan."

"N kò gbàgbé, sà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n."

"Ka èyí tó kù."

Ọmọbìnrin náà kọjú sí alága. Ó ní, "Bàbá yín kú sórí ibùsùn wọn, sà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí wọn ká. Ire ńlá ni. Àwọn mẹ́sàn-án yìí kò rí ire náà. A ò lè fún ẹnì kan ní méjèèjì."

Ẹ̀rín kúrò lójú alága. Ó kọjú sí Bàbá Sójà, ó ní, "Ṣé bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn nìyí? Ẹ ní kó kúrò níbẹ̀!"

Bàbá Sójà dìde. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ló kọ orúkọ kẹwàá síbí. Alága ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́. Òrùlé ni mo rí tí mo fi kọ ọ́. Ọmọ yìí kò ṣàìgbọràn. Ohun tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ ló gbọ́, kò gbọ́ ohun tí mo sọ níjẹta."

Ó ya ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó dá èyí tó kù padà fún un. Kò padà sórí àga rẹ̀ mọ́. Ó lọ tò sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ náà, ó sì dúró ṣinṣin, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkọ̀ wá kó búlọ́ọ̀kù lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Àwọn agbo ilé mẹ́sàn-án náà pín àwọn ọ̀dọ́ náà gbà láàárín ara wọn, Sátidé kan, àgbàlá kan. Nígbà tí ìgbà tó láti wọṣẹ́ ológun, Ìyùnadé lọ gba ìwé ẹ̀rí pé ó jẹ́ ọmọ ìlú ní káńsù, nítorí àwọn ológun kì í gba ẹni tí kò ní in. Wọ́n ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i kò sí nítòsí. Ó padà lọ ní Mọ́ńdè kejì, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀.

Ló bá kúkú ń lọ ní gbogbo Mọ́ńdè. Á wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn tó ti gbó, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ọ́fíìsì. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bi í ní ohun tó ń wá, á sọ fún un. Ní Mọ́ńdè kẹta, ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìkẹjọ, wọ́n ti tó ogójì, Bàbá Sójà wà láàárín wọn, wọ́n sì ti fi àga gbé ìyá arúgbó náà wá. Ní ìkọkànlá, akọ̀wé kan jáde, ó na ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí náà sí Ìyùnadé láìwo ojú rẹ̀. Ìyùnadé ti di ológun báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò tíì ní gbọ̀ngán títí di òní.

Ìwọ náà, wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ètò àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú yín. Ẹni ńlá kan ní kí o kọ orúkọ ọmọ òun síwájú nínú àwọn tí ẹ fẹ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ, ọmọ tí kò gbẹ́ kòtò kan rí, tí kò wá sípàdé rí. O wá ń bi mí pé ọgbọ́n wo ni o lè dá sí i tí inú ẹnikẹ́ni kò fi ní bàjẹ́. N kò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bá mọ̀ ni mo lè sọ fún ọ: mo jókòó lábẹ́ kánópì lọ́jọ́ tí ọmọ ẹlòmíràn dúró, ìyẹn sì ń dùn mí ju orúnkún mi lọ.

Inú ẹnì kan yóò bàjẹ́, o ò lè yẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó jẹ́ inú ẹni ńlá náà. Bí wọ́n bá gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní gbangba. Bí wọ́n bá lé ọ kúrò ní gbangba, kọ́ wọn lójúde ilé rẹ. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò ní rántí ìdajì ohun tí o fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbàgbé orúkọ tí ọwọ́ rẹ kọ. Má kọ ọ́. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ló ní kí o má kọ ọ́, má sọ pé èmi ni. Sọ fún wọn pé ìwọ fúnra rẹ ni.