Ọparun Ìròyìn àti Etí Ìjàpá

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi bọ́ gbì, kò bọ́ sórí erin, kò bọ́ sórí ẹkùn. Ó bọ́ sórí ẹni tó ní òun yóò máa gbọ́rọ̀ fún gbogbo ìlú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo orí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé yẹn dáadáa. Ẹ óò mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ kan mú láyé àtijọ́, omi di ohun àwárí. Àwòdì nìkan ló ń rí ibi tí omi ti ń sun, láti orí àpáta. Ni àwọn ẹranko bá so ọparun mọ́ ọparun, láti orí àpáta títí dé ojúde wọn. Àràárọ̀ ni Àwòdì ń sọ ibi tí oníkálùkù yóò ti rí omi sínú rẹ̀. Ti Ẹtu, ti Ehoro, ti Ọ̀kẹ́rẹ́, ojú ihò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde, etí ẹnì kan ṣoṣo ló sì gba ibẹ̀. Wọ́n ń ti ara wọn ṣubú.

Ìjàpá dìde. "Ẹ̀yin ará, kí là ń jà sí? Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ, kí n máa pín in. Oníkálùkù á gba tirẹ̀."

Nígbà náà, Ìjàpá ní etí méjì tó fẹ̀ bí ewé kókò. Wọ́n gbà fún un.

Àmọ́ ara ń fu Ẹtu. Òùngbẹ ti fẹ́ pa Àbẹ̀jẹ́, ọmọ rẹ̀. Kò lè dìde mọ́. Ojoojúmọ́ ni Ìjàpá sì ń wí pé, "Ìyá Àbẹ̀jẹ́, kò sí tiyín lónìí o. Ẹ ṣe sùúrù."

Ẹtu wò ó tòkè-tilẹ̀. "Ẹrẹ̀ tútù wo ló wà láyà rẹ yìí, Ìjàpá?"

"Òógùn iṣẹ́ ìlú ni."

"Òógùn ló di ẹrẹ̀?"

"Ṣebí eruku ló bọ́ sí! Háà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń san oore!"

Ẹtu yí padà lọ. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ẹni tó ń bá mi gbọ́ yìí, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba inú igbó lọ, ó fi ìwo lu ihò sára ọparun láàárín ọ̀nà, ó dẹtí sí ohùn Àwòdì.

"Ẹtu o! Omi ti sun lábẹ́ igi ìyeyè!"

Orí Ẹtu wú. Ó fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ó rántí pé àgbà ni Àwòdì: ire ló máa ń kọ́kọ́ sọ, á mí kanlẹ̀, kó tó wá kìlọ̀. Ó dúró.

"Má gba ojú ọ̀nà o. Ọdẹ ti dẹ okùn síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí o gbà."

Ìjàpá ní tirẹ̀, "omi" ló gbọ́ tó fi ki eré mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀nà ló gbà. Okùn bá gbé e létí méjèèjì, pàkà!

"Yéè! Ta ló mọ̀ pé okùn wà níbí?"

Ẹtu ti gbé ọmọ pọ̀n gba ẹ̀yìn wá. Àbẹ̀jẹ́ ti ń mu omi, ó ń mu ún gbì-gbì-gbì. Ẹtu ní, "Ó wà nínú ìròyìn. Àbí ìwọ kọ́ lò ń pín in ni?"

Ẹsẹ̀ ọdẹ ń dún bọ̀. Ẹtu gbé ọmọ, ó sá lọ. Ìjàpá fi gbogbo agbára fa orí, fàì! Etí méjèèjì já sínú okùn. Ó sá wọ inú igbó, ó fi orí pamọ́ sínú ilé rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹyẹ kan bá ké nínú igbó, gbogbo ẹranko ló ń dá jíjẹ dúró, tí kálukú ń na etí ara rẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ yẹn náà fi ń na etí tirẹ̀ sókè, tí ẹ kò sì rí etí lórí Ìjàpá.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi ni mo fi í sílẹ̀ sí. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìjàpá, kó wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, bó bá rí etí.