Irin Tí Akínlàbí Fi Ya Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ní ìlú Òkè-Àgbàrá, níbi tí ọ̀nà ti ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta, awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Akínlàbí. Ọkọ̀ kékeré kan ló fi ń kó èrò oko wá sílé, ṣùgbọ́n bí Ọjọ́rú bá ti pé, kì í gbé ẹnikẹ́ni àfi ìyá rẹ̀. Àìsàn ọkàn ń bá ìyá náà fínra, dókítà tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pa ìtọ́jú rẹ̀ jẹ lọ́sẹ̀ kankan.

Ọ̀nà yìí gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyá. Bí ọkọ̀ bá ti ń ya kọ́nà, tó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ìyá yóò di àga mú, yóò máa ké pe Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n padà délé, ó ní, "Akínlàbí, mi ò lọ mọ́. Kí ikú bá mi lórí ẹní mi, ó sàn ju kí n já sí ọ̀gbun lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọ náà wọra. Ó ronú títí. Odó tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ kì í ṣubú. Ẹni tó fẹ́ ru ẹrù wúwo a kọ́kọ́ yàsẹ̀. Bí táyà bá yọ síta díẹ̀ sí i, ṣé ọkọ̀ kò ní dúró digbí? Ó gbé èrò náà lọ bá Lájídé, àgbà mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀.

Lájídé mirí. "Àwọn kan ń ṣe é," ó ní, "ṣùgbọ́n irin tí wọ́n dìídì rọ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi há ẹ̀yìn táyà, pẹ̀lú bóòtù tó gùn láti di táyà mú. Kò sí irú rẹ̀ níbí. Ṣọ́ọ̀kù rẹ, tó yẹ kó máa gba ọkọ̀ dúró, ló ti kú. Jẹ́ kí n wá òmíràn, kí o sì máa rọra sáré."

"Ìgbà wo lẹ máa rí i, Ọ̀gá?"

"Bóyá oṣù tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀ ti jìnnà jù. Ọjọ́rú ni dókítà ń retí ìyá mi."

Ìkánjú ọmọ rere ni, ṣùgbọ́n ìkánjú náà ni. Akínlàbí lọ bá ẹnìkan tó ń jó irin. Wọ́n gé irin pẹlẹbẹ mẹ́rin, wọ́n fojú díwọ̀n ihò sí i lára, wọ́n sì fi há ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ síta, ọkọ̀ wá dúró bí ẹni tó fẹ́ ja gídígbò. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí nọ́ọ̀tì orí bóòtù, tó máa ń yí nígbà mẹ́wàá, kò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ kó tó le.

Ó bẹ ìyá rẹ̀ títí ìyá fi gbà. Lọ́jọ́rú àkọ́kọ́, ọkọ̀ kò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ rárá. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì ń súre fún ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé-ìwòsàn. Ta ni yóò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tán kó tún lọ máa tú táyà wò?

Lọ́sẹ̀ kejì, sítíárìn ti wúwo lọ́wọ́ Akínlàbí. Bí táyà bá kó sí kòtò, sítíárìn a fẹ́ já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ọkọ̀.

"Kí ló ń kùn yẹn?" ni ìyá bi í.

"Ọ̀nà ni, Mọ́mọ̀," ó dáhùn, ó sì yí rédíò sókè.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ní kọ́nà tó kángun sí ìsàlẹ̀, ọkọ̀ gbọ̀n, iwájú rẹ̀ lápá òsì sì lulẹ̀ gbì! Táyà kan ń yí lọ níwájú wọn, ó ré etí ọ̀nà kọjá, ó di inú ọ̀gbun. Ọkọ̀ ń fi irin wọ́ títì, ó lọ forí sọ ebè yẹ̀pẹ̀ kan, ó dúró. Ìyá dijú. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

"Mọ́mọ̀! Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́!" Akínlàbí ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá lajú, ó mí kanlẹ̀. "Mo wà níbí," ó ní.

Ọlọ́kadà kan ló lọ pe Lájídé wá. Lájídé bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí táyà, ó sì fi han ìyá. "Màmá, bóòtù ti já. Bẹ́árìn yìí, oríkèé tí táyà fi ń yí, ti jó dúdú. Bí a bá gbé garawa omi mọ́ àyà, ó rọrùn. Ká na apá síta gbé e, kò ní pẹ́ tí èjìká á fi máa roni. Ohun tí irin tó ti táyà síta yẹn fi ojú bẹ́árìn rí nìyẹn."

Akínlàbí dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Ẹ dárí jì mí, Mọ́mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà yín ni."

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀, màá wọ̀ ọ́. Kó máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èmi náà á máa di àga mú." Ó wá wo bẹ́árìn tó jó náà, ó sì sọ gbólóhùn kan tí Lájídé gbé dé gáréèjì, tí kò sì kúrò lẹ́nu àwọn awakọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Àgbàrá, bí wọ́n bá rí ẹni tí ìfẹ́ ń tì ṣe ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, fi ń pa á lówe pé: "Ẹsẹ̀ tó bá yà kọjá ìwọ̀n, oríkèé ní í jìyà rẹ̀."