Ohùn Tó Sin Ìyá Kasimíro

Ní Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, bí ènìyàn bá ń yin ara rẹ̀ láìsinmi, wọn kì í bá a jà. Wọn á kàn wí pé, “Rọra o, kí ohùn rẹ má lọ sin ìyá rẹ.” Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á dúró rò ó. Ohùn kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbẹ́lẹ̀, kò léjìká tí yóò fi gbé pósí. Báwo ni yóò ṣe sin òkú? Ẹ ti fura pé ẹnì kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé ọkùnrin ni, pé ó lẹ́wà, àti pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ṣìnà. Kasimíro lorúkọ rẹ̀.

Àgùdà ni wọ́n nílé rẹ̀, àwọn ọmọ ẹrú tó padà wálé láti Bàhíà. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, wọ́n kó orúkọ Potogí, ère Jésù àti sámbà wọn dání. Ìlù sámbà náà onígun mẹ́rin ni, kò nípọn. Àwọn obìnrin a máa jó o nínú àgbàlá, etí yẹ̀rì wọn a sì máa gbálẹ̀. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni àwọn atukọ̀ gbé àwo orin Kúbà dé èbúté Kútọnu, ni rúḿbà bá bẹ́ sí ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ Àgùdà wá rí i lójijì pé sámbà ìyá àwọn ti gbó. Wọ́n ra jìtá, wọ́n ra fèrè idẹ, wọ́n fi òróró lẹ irun mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi èdè Sípéènì kọrin ìfẹ́ sí àwọn ọmọbìnrin tí kò gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kọ ọ́ pàápàá kò gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ìgbéyàwó ń tibẹ̀ jáde.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó hù nígbà náà, ti Kasimíro ló lókìkí jù. Ọba Rúḿbà ló ń pe ara rẹ̀. Kò sí afọbajẹ kankan tó mọ̀ nípa rẹ̀. Láàárín orin, á na ọwọ́ sí èrò, á ní, “Ta ni ọba?” Wọ́n á ké pé, “Kasimíro!” Bí wọn kò bá tètè dáhùn, fèrè á dúró dè wọ́n.

Romána, ìyá rẹ̀, ni olórí àwọn obìnrin tó ń kọ sámbà àtijọ́. Orin kan wà níkàáwọ́ rẹ̀ tí a kì í kọ ṣeré. Bí Àgùdà bá kú ládùúgbò wọn, tí wọ́n gbé pósí dé ìloro, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ òkú ni yóò lé orin ìloro, àwọn obìnrin á gbè é, kí òkú tó ré kọjá. Wọ́n gbà pé òkú tí a kò bá kọ ọ́ fún yóò dúró sáàárín òkun, kò ní padà sí Bàhíà, kò ní dé ilé. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ègbè. Lílé rẹ̀, tí ọmọ òkú ń kọ, ọ̀dọ̀ Romána nìkan ló kù sí. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń kú lọ á wá kọ́ ọ lẹ́nu Romána. Lẹ́yìn ìsìnkú, á gbàgbé rẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni kéèyàn máa kọ ọ́ kiri. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá kan Romána fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ ń já, ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀.

“Kasi, jókòó tì mí. Orin ìloro ni.”

“Ẹ̀yin Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ ṣì máa jó níbi ìgbéyàwó mi kejì!”

“Ṣé ìyàwó àkọ́kọ́ ti gbọ́? Jókòó.”

“Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dúró dè mí, Màmá. Ó dọ̀la.”

“Ọ̀la tèmi ni, àbí tìẹ?”

Ọ̀la dé, ó wà ní Kútọnu. Ọ̀la mìíràn dé, aránṣọ ń wọ̀n ọ́n. Tíà Sabínà (Tíà ni Àgùdà ń pe àǹtí), igbákejì Romána nínú ẹgbẹ́ sámbà, lọ bá a níwájú dígí.

“Ọba Rúḿbà, ìyá rẹ ń lọ o.”

“Tíà, ayé ti là. Mo ti ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.”

“Òun náà ló máa bá ọ sunkún?”

“Bí ẹkún bá wọ inú rẹ̀, á sun ún jáde.”

Ó gbé ẹ̀rọ náà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lóòótọ́. Romána gbìyànjú, ó kọ orin náà tán, òógùn bò ó.

“Ṣé ó ti wọlé?”

“Ó ti wọlé, Màmá. Ó di títí ayé.”

Obìnrin náà fojú rẹ́rìn-ín, ó sùn. Kasimíro jáde bí ẹni tó ti sìnkú tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ijó ńlá wà. Èrò wá láti Èkó, wọ́n wá láti Lómè. Kasimíro fẹ́ fetí ara rẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe òun. Téèpù kan ṣoṣo ló sì ní.

“Ọ̀gá,” Rafíù tó ń ta jìtá wí, “ṣebí ohùn Màmá ló wà lórí ìyẹn?”

“Ìdí téèpù ni Màmá wà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni màá lò.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Rafíù, ta ni ọba?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá.”

Ó tẹ ẹ́ kó máa gba ohùn èrò sílẹ̀. Wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ títí téèpù fi tán. Lẹ́yìn náà, lójoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tí ariwo ti pọ̀ jù, á dá a padà kí ó lè tún un gbọ́. Kò gbọ́ ọ dé ìdí rí.

Romána kú. Wọ́n gbé e dé ìloro, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kasimíro wọ kóòtù dúdú, ó gbé ẹ̀rọ lé orí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

“Kasi,” Tíà Sabínà wí, “ẹnu la fi ń lé e.”

“Ohùn rẹ̀ ni yóò sin ara rẹ̀, Tíà. Ta ló rí irú rẹ̀ rí?”

Ó yí téèpù dé ìdí, ó tẹ ẹ́.

“Ta ni ọba?” ni ẹ̀rọ wí.

“Kasimíro!”

Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. “Ta ni ọba?” “Kasimíro!” Àwọn tó fẹ́ gbé pósí ń wo ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ì bá sàn. Àwọn tó ti kọ́ orin náà rí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan níbí, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, ni wọ́n rántí.

“Tíà, ẹ gbà mí. Ẹ lé e.”

“Ègbè ni mo mọ̀, ọmọ mi. Ègbè ni gbogbo wa mọ̀.”

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, fádà ń dúró, oòrùn ń ràn sára òkú. Tíà Sabínà wo pósí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí Kasimíro má pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ẹ̀rọ tún bèèrè pé, “Ta ni ọba?”, Sabínà dijú, ó gbe ègbè orin ìloro, àwọn obìnrin yòókù sì gbè é pẹ̀lú omi lójú. Pẹ̀lú ohùn Kasimíro nípò lílé ni wọ́n gbé Romána ré kọjá.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wí fún onífáàrí ní Àjàṣẹ́ pé kí ohùn rẹ̀ má lọ sin ìyá rẹ̀. Kasimíro ṣì kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì jó o. Orin ìloro kò sí mọ́ ládùúgbò náà. Àwọn tó gbọ́ ọ rí ní orin náà kò gùn ju ìgbà tí ènìyàn fi ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ.