Òkété àti Ọgbà Iyeyè

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá ògiri, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Àwẹ̀ró, gbé àbúrò rẹ lé ẹsẹ̀. Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sí ilé Òkété.

Ní ìgbà kan rí, nílùú àwọn ẹranko, kò sí ilé tí kò ní igi lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọ̀pọ̀tọ́. Etu ní iyeyè mẹ́ta. Ìyá Ẹ̀gà, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, so ìtẹ́ mọ́ iyeyè Etu, ibẹ̀ ló ti ń tọ́ ọmọ. Òkété ní tirẹ̀ ní agbálùmọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ihò rẹ̀. Agbálùmọ̀ náà dùn. Àmọ́ ta ni yóò wá bẹ Òkété, nígbà tí oúnjẹ wà nílé oníkálùkù? Ó ń dùn ún. Ó fẹ́ kí gbogbo ìlú máa dọ̀bálẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ kan, ó sáré wọ àárín ìlú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ejò o! Mo rí ejò lórí igi Etu! Ó gùn ju igbà adẹ́mu lọ!"

Etu fò sókè. "Lórí igi tèmi, Bàbá?"

"Tìrẹ lónìí. Ti ta ni lọ́la? Igi ẹ̀yìnkùlé ló ń pe ejò wọlé. Ẹ gé e! Ẹ gbálẹ̀ yín kó mọ́ tónítóní!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bèèrè, "Tiyín ńkọ́, Bàbá Òkété?"

"Tèmi? Èmi ti dàgbà. Bí ejò bá bù mí jẹ, mo ti gbádùn ayé mi."

Wọ́n kí i pé ó ṣeun. Wọ́n mú àdá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sí ibòji kankan mọ́ nílùú, àfi ti agbálùmọ̀ Òkété. Etu bá Ìyá Ẹ̀gà gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ òrùlé ilé tirẹ̀, nínú èéfín. Ṣé ibẹ̀ yẹn ni ọmọ ẹyẹ ń gbé?

Òkété ní, "Ẹ kó ẹ̀ka yín wá. Màá bá yín sun ún."

Kò sun nǹkan kan. Ọgbà ló fẹ́ ṣe yí agbálùmọ̀ rẹ̀ ká. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé igi gbígbẹ ni à ń fi ṣe òpó ọgbà, bí a kò bá fẹ́ kó hù. Igi gbígbẹ wà nínú igbó, àmọ́ ọ̀nà jìn, ọ̀lẹ sì ni Òkété. Iyeyè tútù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ṣá a ní gbọọrọgbọ, ó rì í mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Agbálùmọ̀ pọ́n. Ebi lé gbogbo ìlú dé ẹnu ọgbà Òkété.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, lọ pọnmi kí o tó jẹ. Etu, wá yún mi lẹ́yìn. Òkè díẹ̀. Ìsàlẹ̀! Ẹ̀yin ẹyẹ, ẹ kò ní ọwọ́ tí ẹ lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ jáde!"

Ìyá Ẹ̀gà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ka kan péré ni mo fẹ́ fi so ìtẹ́. Èéfín ń pa àwọn ọmọ mi, òjò sì ń bọ̀."

"Wá so ó mọ́ etí mi!"

Ẹ̀gà yí padà. Ló bá rí ọ̀mùnú kékeré kan tó ń yọjú lára òpó ọgbà. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Ẹ̀gà fi ohun tó rí pamọ́ láyé rẹ̀.

"Bàbá, eruku ti bo ọgbà yín. Kò yẹ àgbà bíi tiyín. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín fọ̀ ọ́."

"O gbọ́n. Fọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí."

"Ìdí rẹ̀ gan-an ni màá fọ̀ jù, Bàbá."

Láràárọ̀, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń fi ẹnu gbé omi wá. Nígbà tí òjò kìíní dé, ọgbà ti yọ ẹ̀ka. Afẹ́fẹ́ tú òrùlé Etu ká lọ́jọ́ náà, àmọ́ àwọn ọmọ Ẹ̀gà ti wà nínú ìtẹ́ tuntun tó so mọ́ ẹ̀ka ọgbà níta.

Òkété ń yangàn. "Ẹ wo ọgbà mi, ó wọ aṣọ!"

Ọdún kejì, iyeyè so. Ìta ló ń já sí. Etu ń jẹ, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ, ẹnikẹ́ni kò kí Òkété. Nínú ọgbà, kòkòrò bo agbálùmọ̀, nítorí kò sí ẹyẹ tó ń ṣà wọ́n jẹ. Ewé rẹ̀ dà bí asẹ́. Kò so ẹyọ kan.

"Ìyá Ẹ̀gà, ọmọ dáadáa, ẹ wá bá mi ṣa kòkòrò!"

"Bàbá, ọwọ́ wo la fẹ́ fi ṣe é?"

Inú bí Òkété. Ó fa àdá yọ, ó ń gé ọgbà, ó ń ju ẹ̀ka síta.

"Ẹ ṣeun, Bàbá!" Etu gbé ọ̀kan, ó lọ gbìn ín sílé.

"Ẹ tún gé sí i!" Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé méjì.

Bí ó ṣe ń gé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí apá ro ó, tó sì dúró, kò sí ẹ̀yìnkùlé kan tí kò ní iyeyè. Ẹ̀gà sì gba ibi tí ọgbà ti ṣí wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkòrò, ó ń sọ̀rọ̀ wótowòto, kò tún dákẹ́ mọ́.

Òkété fi ìtìjú wọ ihò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó lé ẹyẹ lọ, kòkòrò ló pè wálé. Ẹ gbin igi tí ilẹ̀ wa mọ̀ sẹ́yìnkùlé yín, kí ẹ sì fi ibì kan sílẹ̀ láìgbá. Ẹ̀yin tí ẹ gé gbogbo rẹ̀ tán, tí ẹ wá ń bèèrè ibi tí ẹyẹ gbà lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.