Báírò Pupa Ọ̀gá Ọ̀ṣúnníyì

Ní póli wa, kò sí èèpo iwájú magasíìnì tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tí Ọ̀gá Ọ̀ṣúnníyì, olùkọ́ wa, kì í fi báírò pupa fà láti igun dé igun. Ó wá sọ fún Mojírádé pé, "Tó ò bá gbé èyí tí mi ò ní lè fa báírò sí wá lọ́jọ́ Jímọ̀, wàá tún kíláàsì yìí ṣe." Mojírádé wọkọ̀ lọ sí Ìkirè, ó bá ìyá tó bí Ọ̀gá Ọ̀ṣúnníyì nídìí agbada dòdò, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó bá wọn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí ọwọ́ ẹ̀ fi dúdú, kó tó ya fọ́tò wọn. Nígbà tó di Jímọ̀, ó tẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ sórí tábìlì: ojú màmá tó ń rẹ́rìn-ín gba gbogbo èèpo náà, lẹ́tà gàdàgbà sì wà nísàlẹ̀: ÌYÁ TÓ FI DÒDÒ RÁN ỌMỌ LỌ SÍ YUNIFÁSÍTÌ. Ọ̀gá ṣí báírò, ó dé e padà. Ó tún un ṣí, gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ó ní, "Lẹ́tà yìí ti tóbi jù." Mojírádé kúnlẹ̀. "Ẹ fà á, sà. Màmá ní kí n gbé e padà wá lọ́la, kí àwọn lè rí máàkì tẹ́ ẹ fún àwọn." Ọ̀gá ki báírò pupa bọ àpò. "Ta ló ní báírò búlúù níbí?"