Orí Àfáàfátán

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Abẹ gé Láníhùn lórí díẹ̀, ló bá fò dìde.

"Àkàndé, ṣé orí ewúrẹ́ lò ń fá ni? Aláìmọṣẹ́!"

Ó gba ọ̀nà ilé lọ tòun ti orí àfáàfátán. Ẹ̀rín àwọn obìnrin ìdí kànga ló lé e padà. Àkàndé nìkan sì ni onígbàjámọ̀ ìlú.

Àkàndé nu abẹ rẹ̀. "Ẹ jókòó, Bàbá. Abẹ kọ́ ló ń dùn yín. Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé?"

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló ń relé ọkọ lónìí! Ta ni yóò máa kí mi káàárọ̀?"

"Èmi ni. N ó máa yà láràárọ̀."

"Bí o bá pẹ́," Láníhùn jágbe, "n ó bú ọ ju tòní lọ!"

Ó sì tẹrí ba fún abẹ.