Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí Láti Inú

Ọkùnrin kan wà tí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ. Mọ́tò ìdílé ni, ó gùn, ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì nìkan ni àléébù rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó sójú ọ̀nà tí kò dán, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lù nínú ikùn ilẹ̀kùn náà, kọ́tọ́-kọ́tọ́, títí wọn ó fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti jókòó ti ilẹ̀kùn yìí rí. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Àna mi, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bọ́ọ̀sì ni n óò wọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí, àmọ́ kò rí nǹkan kan ṣe sí i títí ìyàwó rẹ̀ fi bímọ kejì. "Bàbá Mọrẹ́nikẹ́," ni ìyàwó wí, "ẹ bá mi lọ gbé Ìyá wá. Bí wọn ò bá wá, ta ni yóò bá mi wẹ ọmọ yìí?" Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé ìbéèrè ńlá nìyẹn. Ìyá kì í sì í ṣe ẹni tó ń pẹ́ níbi tí ara kò bá ti rọ̀ ọ́.

Ọkùnrin náà bá pinnu pé òun fúnra òun lòun yóò wo ilẹ̀kùn náà sàn. Ó mú sukudíráfà, ó tú àwọn súkúrúù tó hàn, ó kó wọn sínú àwo kékeré kí ọ̀kankan má baà sọnù. Ó fi àkísà wé ìdí ṣíbí, ó fi ń yọ ìbòrí inú ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ kúrò lára irin, kí awọ rẹ̀ má baà ha. Àwọn bọ́tìnnì ike tó dì í mú ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pọ́, pọ́, pọ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó fi sùúrù ṣe é. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù tí kò jẹ́ kí ìbòrí náà bọ́, èyí tó so mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹni inú mọ́tò fi ń ṣílẹ̀kùn. Ó yọ ọ́ kúrò ní ìkọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ikùn ilẹ̀kùn náà ló ti bá òòyà onírin ìyàwó rẹ̀, èyí tí wọ́n ti wá títí, tí wọ́n tilẹ̀ ti fura sí àlejò kan nítorí rẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó gbé ìbòrí padà. Gbogbo bọ́tìnnì wọ ihò wọn, gbogbo súkúrúù padà sípò, kò sí ibi tó ha. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì dákẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà dákẹ́ lẹ́yìn ìbòrí, níbi tí ojú kò ti lè rí i mọ́.

Ṣé kò dán an wò ni? Ó dán an wò. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, títí ó fi sú ìyàwó rẹ̀. Àmọ́ ìta ló dúró sí. Àna ló fẹ́ lọ gbé, ọkọ ọmọ wo ni yóò sì máa wò kí àna fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn? Ohun tó ń fi kọ́ra nìyẹn: ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ kejì lẹ́yìn, orí wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra," ó ní, "kí ẹ̀yìn má baà dùn yín kí ẹ tó débẹ̀."

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, Ìyá wọlé. Ẹrù kún ìyókù ìjókòó dé òrùlé: iṣu, gàrí, ọṣẹ dúdú, àdín tí wọn yóò fi ra ọmọ lára. Ọ̀nà kò dára, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò sọ nǹkan kan. Ìyá tẹ́tí títí. "Àna mi," ó ní, "ilẹ̀kùn yín ti gbọ́n." Orí ọkùnrin náà wú. Bí wọ́n bá ní kí ó gbé mọ́tò náà rù ní wákàtí yẹn, yóò gbé e.

Ní ìlú kan lójú ọ̀nà, ó dúró, ó wọ ilé tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì láti rà á. Ó ti yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, gíláàsì fèrèsé tó ń fi iná mọ́tò ṣiṣẹ́ kò sì lè sọ̀ mọ́. Búrẹ́dì kò tíì jinná. Ó wá pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan níbẹ̀, o sì mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àtijọ́ ṣe máa ń gùn.

Oòrùn mú. Ìyá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ náà tẹ̀lé e lásán, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó rò pé bóyá òun ni òun kò mọ̀ ọ́n fà, ó sì fi í sílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ìyá ìyàwó ló ba mọ́tò àna rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ooru pọ̀, ó kan gíláàsì. Obìnrin kan tó ń kọjá kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà." Ìyá tún kan án, ó ń juwọ́. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà, ó juwọ́ sí i padà. Àwọn ará ìlú náà mọ ènìyàn í kí, Ìyá sì ń làágùn.

Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. Ó rí àwọn tó ń kí àna rẹ̀, inú rẹ̀ sì tún dùn sí i. Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló rí ojú rẹ̀. Gèlè ti kúrò lórí, ó ti di abẹ̀bẹ̀. Ó sáré ṣílẹ̀kùn. Ìyá sọ̀, ó mí, ó gba omi mu. Nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, àna rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà, ti búrẹ́dì ti búrẹ́dì.

"Ẹ dìde, àna mi," ni Ìyá wí. "Nígbà tí ilẹ̀kùn yín ń pariwo, ó máa ń jẹ́ kí n jáde. Ẹ bá mi dá bọ́ọ̀sì dúró, kó gbé mi padà sílé."

Ọkùnrin náà dìde. Ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó rántí ọmọ tuntun. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ó wọ inú mọ́tò, ó jókòó síbi tí Ìyá jókòó sí. Kò jókòó síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ra mọ́tò náà. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀, òun náà sì há síbẹ̀ títí bàbá onífìlà fi bá a ṣí i láti ìta. Ó tú ìbòrí náà lójú gbogbo ènìyàn. Kò ráyè wá àkísà, bọ́tìnnì méjì sì ṣẹ́. Ó rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó dá a padà sí ìkọ́ rẹ̀, ó gbá ìbòrí mọ́ ọn. "Ìyá, ẹ bá mi fi ọwọ́ ara yín ṣí i wò."

Ìyá wọlé, ó tì í, ó sì ṣí i. Ó tún tì í, ó tún ṣí i. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó sì pa àwọn tó ń wò ó pẹ̀lú. "Ó dáa," ó ní, "ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n ń retí wa."

Nítorí bọ́tìnnì méjì tó ṣẹ́, ilẹ̀kùn náà ń dún títí wọ́n fi délé, Ìyá sì ń sùn. Nígbà tí mọ́tò dúró, ọkùnrin náà sáré yí i ká láti wá ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Ìyá ti sọ̀, ó ti ń bèèrè omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí yóò fi wẹ ọmọ.

Ìwọ náà, ọ̀rẹ́, o ti ń sọ kiri pé ilé rẹ ti tòrò. Aya rẹ kò ráhùn mọ́ láti ọjọ́ tí o ti ní o kò fẹ́ gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ ń kí ọ láàárọ̀, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá wò ó láti ìta yóò ní o ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Padà sílé lónìí, jókòó síbi tí aya rẹ ń jókòó sí, bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí o sì fara da ariwo díẹ̀ tí yóò bá ìdáhùn rẹ̀ wá. Ó lè jẹ́ pé láti ọjọ́ yìí ló ti ń kan gíláàsì, tí ìwọ sì ń juwọ́ sí i padà.